Ẹ Má Pàtẹ́wọ́ fún Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì

Dókítà tó fọwọ́ yẹ ìdí mi wò lónìí mọ̀ mí. Mo ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, orúnkún mi ti kan àyà, wọ́n ti ká síkẹ́ẹ̀tì mi sókè, ọkùnrin náà ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ti fi òróró pa ìka, kó tó wá yọjú wo ojú mi dáadáa. Ó ní, "Háà! Ẹnu-Ò-Sinmi! Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ti ọkùnrin tó gbé adìẹ lọ sí báńkì?" Mo ní èmi ni. Ó ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó òun lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n sọ ọ̀kan kí ara mi lè balẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ìka yín wà ní ìdí mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì, ìka náà sì ń bá a mì. Èmi ò dápàárá o. Ìròyìn ni mò ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń dúró níwájú èrò tí mò ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jẹun. Bí ẹ̀rín bá kú lójijì, mo máa ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó yí ìka náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ sọ yìí, láti ìgbà wo?" Mo ní láti oṣù Kẹsàn-án. Jẹ̀díjẹ̀dí ni mò ń pè é. Mo tiẹ̀ ti fi dápàárá ní ìlú mẹ́ta.

Mo fi bébà tó le bí háhá àgbàdo nu òróró kúrò lára. Ara mi ń rí mi lára.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kejì

Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ (èyí kì í rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́) fi bírò ya ìfun mi sórí ìwé. Ó ní ó ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, àwọn ò lè gé e kí àwọn tún un so. Wọ́n á gé gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n á rán ìdí mi pa bí ẹni rán ẹnu àpò ìrẹsì, wọ́n á wá fa ìfun tó kù gba iwájú ikùn jáde. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ á máa gbà. Wọ́n á lẹ àpò mọ́ ọn. Mo ní fún oṣù mélòó? Ó ní, "Títí lọ ni, mà."

Ọkọ mi, tó jẹ́ pé fíríìjì ló ń tún ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, wá la ẹnu, ó ní, "Ṣé ó máa ń jò?"

Dókítà ní ó máa ń jò nígbà míì.

"Kí ló máa ń fà á?"

Mo fẹ́ gbá a létí. Èmi ń ronú ikú, òun ń ronú páìpù. A wọkọ̀ lọ sílé. Ooru mú débi pé ìjókòó ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn itan.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kejì

Mo pe mánéjà mi. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń bá mi gba iṣẹ́. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Mo ní kó fagi lé gbogbo ibi tí mo fẹ́ lọ títí di oṣù Kẹfà, kó sì má sọ fún ẹnì kankan. Ó sunkún. Ó fun ikun. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ya fọ́tò kankan ní ọsibítù?"

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kejì

Mánéjà ti sọ ọ́ síta. Àwòrán ojú mi ti gba gbogbo fóònù kan, wọ́n kọ AKỌNI OBÌNRIN sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là méjì tó ń jó. Àbẹ́là! Mo ṣì ń mí.

Ohùn mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wọlé sórí fóònù mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni mọ́kànlá ló sọ pé "ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín," tí wọ́n wá dúró díẹ̀ bí ẹni pé kí n kan sáárá sí wọn. Ẹnì kan ní kí n máa mu omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì láràárọ̀. Ọkùnrin tó jí àwàdà mi mẹ́rin, tó fi wọ́n kọ́lé, sunkún fún odidi ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀. Mo tẹ́tí sí i dópin torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa tọrọ ìdáríjì. Rárá o. Ó ní òun á máa rántí mi.

Mo bá mánéjà jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtàn ni. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn." Ó dùn mí pé agbára àtilé e dànù kò sí lára mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì

Nọ́ọ̀sì fi bírò ya òdo sí ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn mi, níbi tí ìfun á ti yọ, ó ní kí n jókòó, kí n dìde, kí n bẹ̀rẹ̀, kó lè rí i pé kò bọ́ sí ibi tí ọ̀rá ti ká. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Mo ti wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo àjà nígbàkigbà tí wọ́n bá wá pààrọ̀ àpò náà. Lónìí nọ́ọ̀sì ní òun ò ní fọwọ́ kàn án títí màá fi wò ó. Kékeré ni ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ojú olórí ilé ẹ̀kọ́. Mo wò ó. Ó pupa, ó ń dán, ó yọ jáde lára mi bí ètè ẹni tó ń bínú. Ó sì ń mira. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa ń mira.

Mo bì sórí aṣọ ìbora. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dáa. Ẹ ti wò ó nìyẹn."

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ọ̀gá àwọn dókítà wá wò mí láàárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ mi, ó ń fi ohùn tó tutù sọ fún wọn bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe le tó, bí mo ṣe fi ìgboyà fara dà á. Bó ṣe dé orí "ìgboyà," ikùn mi só.

Kì í ṣe ìsó kékeré. Mi ò ní ohun tí mo lè fi dá a dúró mọ́, wọ́n ti gé e sọ nù. Ó gùn, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó tún béèrè ìbéèrè kan ní ìparí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń wo àjà. Ọ̀gá wọn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo wọn ń ṣàánú mi, mo lè gbóòórùn àánú náà, ó burú ju ti àpò lọ.

Ibi tí mo ti ń wá ilẹ̀ tí màá wọ̀, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní ibùsùn tó kàn mí. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òkúta nínú àpò òróǹro rẹ̀ ni. Ó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o! Ẹ ní kó dákẹ́! Okùn tí wọ́n fi rán mi máa já!"

Mo wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó dùn mí bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha mi níkùn, mi ò sì lè dákẹ́. Ọ̀gá dókítà kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ìyá náà, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìgò. Kò wo àwòrán mi rí, kò mọ̀ mí sí ẹnì kankan. Mo sọ iṣẹ́ mi fún un. Ó ní, "Ìwọ ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín? Pẹ̀lú ojú yìí?"

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Mo ti délé. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí, gbogbo ilé ń rùn bí erùpẹ̀ tútù, ó sì dáa, torí ó bo òórùn tèmi.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó fi ọwọ́ kan gbé àwo, ó fi ìkejì di imú. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Nígbà tó rí i pé mò ń wo òun, ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì." Mo ní kò sóhun tó ṣe. Nínú gbogbo èèyàn tó ti wọ yàrá yìí, òun nìkan ni kò tíì purọ́ fún mi.

Ọkọ mi ń sùn ní pálọ̀. Ó ní kó má bàa fẹsẹ̀ gbá mi níkùn lójú oorun ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mi ò bi í.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹta

Ọjọ́ burúkú.

Mánéjà kó mẹ́ta nínú àwọn aláwàdà ẹgbẹ́ mi wá kí mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọsàn ni wọ́n gbé wá, ọsàn tó pọ̀ débi pé èèyàn lè fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí àga, bí ẹni tó wá síbi òkú. Àwọn tá a jọ máa ń bú ara wa dé ìran kẹta, àwọn ló wá ń pè mí ní "àǹtí wa" tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo bú ọ̀kan nínú wọn nípa orí rẹ̀ tó pá, ọ̀nà tí mo ti ń gbà bú u láti ọdún mẹ́wàá. Ó mi orí pípá náà, ó ní, "Ẹ rí i, agbára ṣì wà lára wọn."

Mánéjà ní ká ya fọ́tò. Mo dìde. Mo mọ̀ ọ́n lára kí n tó rí i, nǹkan kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ ní itan mi. Ó dé orí tìmùtìmù. Ó dé orí kápẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀kan sá jáde lọ bì sí ìdí òdòdó wa. Àwọn yòókù ń sọ pé, "Kò burú, kò burú," wọ́n sì ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó burú! Ìgbẹ́ wà lórí àga mi! Kí lẹ fẹ́ kó ṣe kó tó burú?

Ọkọ mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ aṣọ lára mi, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ikùn mi. Mi ò tíì jẹ́ kó rí i rí. Mo fọwọ́ bò ó. Ó ní, "Mú ọwọ́ rẹ kúrò kí n ríran." Ó tan tọ́ọ̀ṣì tó fi ń wo ẹ̀yìn fíríìjì. Ó wò ó títí, ó fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká, ó wá tú ìmí sílẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó ní, "Wọ́ṣà rẹ̀ ni, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ yìí. Wọ́n gé ihò rẹ̀ tóbi ju ẹnu páìpù lọ. Kò lè ṣàìjò."

Ó fi irin ìdíwọ̀n rẹ̀ wọn èyí tó pupa náà, ó gé òmíràn, ó fi ọwọ́ mú un gbóná kó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi. Nígbà tó parí, ó jókòó sílẹ̀ lórí táìlì balùwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ti ń bẹ̀rù láti oṣù Kejì pé òun ò ní í rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò jò. Ó ti padà wá sórí ibùsùn.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Oògùn jẹjẹrẹ àkọ́kọ́. Wákàtí márùn-ún lórí àga, abẹ́rẹ́ nínú ọwọ́, tẹlifíṣọ̀n kan lókè tí ẹnì kankan ò lè pa. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ohun tútù. Mo rò pé àsọdùn ni. Mo délé, mo ṣí fíríìjì, iná mọ̀nàmọ́ná gba ìka mi dé ìgúnpá, mo pariwo. Ìyàwó oní-fíríìjì ò lè ṣí fíríìjì mọ́.

Ohun gbogbo ń tọ́ lẹ́nu bíi kọ́kọ́rọ́. Omi, búrẹ́dì, itọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kẹrin

Mo bì nígbà mẹ́fà. Àpò tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí n tó bọ́ aṣọ, kí inú tó ń bí mi má bàa rọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mánéjà ti ń bẹ̀ mí pé kí n yọjú sí "Ọ̀sán Ìfẹ́" tó ṣètò fún mi. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ fi àwàdà dá mi lára yá. Àwàdà ló sọ. Mo de wíìgì, mo wọ bùbá tó gbòòrò, ọkọ mi wá ọkọ̀ gbé mi lọ ní aago mẹ́ta. Àwòrán mi tó ga tó ilé kan wà lórí ìtàgé, wọ́n fi òdòdó funfun yí i ká.

Ẹni àkọ́kọ́ ò dá àpárá kankan. Ó sọ bí mo ṣe fún òun ní aṣọ wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé orí ìtàgé. Irọ́ ni. Mo yá a ni, kò sì dá a padà. Ẹnì kejì sunkún. Ẹnì kẹta, olè tó jí àwàdà mi mẹ́rin, gbé máìkì, ó ní, "Nígbà ayé rẹ̀ . . ."

Nígbà ayé mi! Mo wà ní ìjókòó iwájú, mò ń jẹ búrẹ́dì.

Wọ́n pè mí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde kí n tó dé àtẹ̀gùn. Mo dúró títí wọ́n fi jókòó. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá síbi òkú mi. Inú mi dùn pé àyè gba èmi náà láti wá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn ké, "Yéè!" ó sì bú sẹ́kún. Mo sọ ti ìka dókítà: wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ ti ikùn tó só sí ọ̀gá dókítà lójú: wọ́n dìde, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Àwàdà tó dáa nìyẹn o! Mo ti tò ó, mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti ya gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọdún méjì tó ń ka A, B, D.

Àtẹ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rín máa ń bọ́ lẹ́nu èèyàn láìgbàṣẹ. Àtẹ́wọ́, ẹni tó fẹ́ pa á ló ń pa á. Mo lo ìṣẹ́jú méjìlá, mo gba àtẹ́wọ́ méjìdínlógún, ẹ̀rín òdo. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ìgò omi lù mí, kò burú tó báyìí rí. Ẹni tó sọ ìgò lù mí lọ́jọ́ náà gbà pé aláwàdà ni mí.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún

Mánéjà wá. Ó ń tàn bí ẹni tí wọ́n fún ní ìyàwó tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń sunkún? Àwọn ìlú méjì míì ti pè mí. Ẹkún yìí máa gbé wa dé ibi tí ẹ̀rín ò gbé wa dé rí."

Mo ní, "Má pè mí ní Ẹ̀gbọ́n mọ́. Má sì pè mí lórí fóònù."

Ó rò pé mò ń ṣeré. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo gbà láti àná nìyẹn.

Nígbà tó yé e, ó ní, "Ta ló máa gba iṣẹ́ fún yín báyìí? Ta ló fẹ́ gbé aláìsàn sórí ìtàgé kó máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́?"

Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Òun náà ò burú tán, ó gbé mi lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ọkọ mi ò sí nílé. Síbẹ̀, nígbà tó jáde, mo fọ ọwọ́ mi.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹfà

Akọ̀wé ìgò pè mí, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọsibítù.

"Ṣé o ṣì wà láyé?"

"Mo wà, Màmá."

"Ó dáa. Àwọn òṣìṣẹ́ wa fẹ́ ẹni tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, aago á lù, wọ́n á padà sídìí ẹ̀rọ."

Mo ní ṣé wọ́n mọ̀ pé ara mi ò yá. Ó ní, "Ìdajì ò mọ̀. Ìdajì yòókù rò pé o ti kú."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Ilé oúnjẹ wọn gùn bí ọ̀nà ojú irin. Nǹkan bí igba èèyàn, gbogbo wọn wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ìrẹsì àti ẹ̀wà níwájú wọn, ìró ìgò ń ta kìn-ìn-kìn-ìn lẹ́yìn ògiri. Orí àpótí ìgò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni mo dúró sí. Ooru ibẹ̀ tó láti se ẹyin. Ọkọ mi jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò ìpààrọ̀ lórí itan.

Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, bí mo ṣe bẹ̀rù, bí ọmọ mi ṣe ń wo ojú mi. Àwọn kan gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé ó ti ń bọ̀, àánú yẹn. Òógùn bò mí. Mo fo gbogbo ohun tó kù, mo bọ́ sórí àpò: bó ṣe pupa, bó ṣe ń mira, ohun tó ń jáde níbẹ̀ àti bó ṣe rí tí mo bá jẹ ẹ̀wà.

Ọkùnrin kan dìde láàárín, ó tóbi, ṣíbí rẹ̀ kún. Ó ní, "Màdáámù! A ń jẹun o! Ó ń rí wa lára!"

Akọ̀wé ti ń dìde láti bá a wí. Mo na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

Mo ní, "Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ọ̀gá. Ibi tó ń lọ ni mò ń júwe fún yín."

Kò sí nǹkan kan fún bí ìgbà tí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó bẹ́. Ẹ̀rín bẹ́ láti ọwọ́ ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ lórí tábìlì bí omi. Ẹ̀wà há ẹnì kan lọ́fun, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó dìde wo ṣíbí rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ṣíbí, ó wá dá a padà sínú àwo, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò fún wọn láàyè láti mí mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni mo fi lé wọn kiri nínú ilé yẹn. Wọ́n bú mi, mo bú wọn padà. Kò sẹ́ni tó wò mí bí ọmọ ọdún méjì.

Nígbà tó parí, mo jókòó sídìí síńkì wọn. Mò ń retí kí Akọ̀wé gbá mi mọ́ra. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn," ó ní, "ò ń tọrọ báárà."

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Ò ń bẹ̀ wá. Ká ṣàánú rẹ, ká tó rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn yìí ti dúró nídìí iná láti aago méje. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ṣe? Ìgbà tí arákùnrin yẹn bínú sí ọ ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Ó gbé àwo rẹ̀. "Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àṣálẹ́ fẹ́ ọ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Oúnjẹ tiwọn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni."

Mo bínú débi pé mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Ọkọ mi gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ lánàá. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ.

Òótọ́ ni. Ohùn alágbe ni. Mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn, mò ń jẹ́ kó gbọ̀n díẹ̀ níbi tí mo mọ̀ pé ó máa dùn wọ́n. Ní ibì kan mo tiẹ̀ fa imú, imú tí kò sí ikun nínú rẹ̀. Mo lé mánéjà torí ó ń ta ẹkún mi, mo sì gbé igbá kan náà sórí, mò ń polówó. Mo ti rí ìgbẹ́ ara mi lójoojúmọ́ láti oṣù mẹ́ta. Mi ò tíì rí ohun tó rí mi lára tó ohùn yẹn.

Mo gé ìṣẹ́jú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹfà

Èsì àyẹ̀wò jáde. Wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín ní kí n má pè é ní ìwòsàn o, àwọn kàn ò rí nǹkan kan ni. Oògùn ku méje. Àyẹ̀wò míì ní oṣù Kẹsàn-án. Ọkọ mi kọ ọjọ́ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Nínú ọkọ̀, ó ra àgbàdo, a jẹ ẹ́, kọ́kọ́rọ́ ló tọ́ lẹ́nu mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Òjò rọ̀ láti ọ̀sán, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni àwọn òṣìṣẹ́ àṣálẹ́, gbogbo wọn tutù, gbogbo wọn ń bínú sí ẹnì kan tó pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ wọn. Mo gun orí àpótí. Mi ò kí wọn. Mi ò sọ pé mo ṣàìsàn. Mo ní, "Ta ló ń jẹ ẹ̀wà níbí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ̀yin ni mo bá wá."

Obìnrin kan tó ti nawọ́ fà á wálẹ̀ kíákíá, àwọn tó jókòó tì í sì tún gbé e sókè fún un. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀ nígbà tí aago lù. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àga ń ha ilẹ̀, wọ́n kó àwo wọn, wọ́n ń ti ara wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dúró pàtẹ́wọ́. Mo dúró sórí àpótí pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, ilé oúnjẹ ti ṣófo. Mò ń gbọ́ wọn lójú ọ̀nà tó lọ síbi ẹ̀rọ: ẹnì kan tún ọ̀rọ̀ mi sọ, ó sọ ọ́ sódì, wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín.